Òrùka Tó Fara Sin Lójú Ọ̀run

Onífọ́tò ni mí ní Òṣogbo. Láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé ojú la fi ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ọ̀gá á gbé nẹ́gátíìfù síwájú iná, á ní: èyí eruku ni, èyí èékánná ló fà á, èyí omi kẹ́míkà ló kán sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́bàá etí ìyàwó yẹn, àpá ara rẹ̀ ni, má fọwọ́ kàn án. Fóònù ti gba iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí, gbogbo ayé ló di onífọ́tò. Ojú ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Lóru, bí iná bá wà tí dátà sì wà, mo máa ń fi í wo fọ́tò àwọn gàlákísì, èyí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kó síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wọn wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo ń wá, nítorí àwọn kan ládùúgbò rò pé àǹjọ̀nú ni. Gàlákísì ni ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìràwọ̀ tí òòfà so pọ̀ sójú kan. Oòrùn wa àti gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ ń fi ojú lásán rí wà nínú ẹyọ kan, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ lójú ọ̀run lóru ẹ̀ẹ̀rùn, ní abúlé tí kò sí iná ìjọba. Àwọn gàlákísì yòókù jìnnà débi pé ọdún ìmọ́lẹ̀ la fi ń wọn ọ̀nà wọn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan, nǹkan bí tírílíọ̀nù 9.5 kìlómítà. Èyí tí mo ń wá láàárín wọn ni gàlákísì tó ti sọ ara rẹ̀ di lẹ́ńsì, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ gàlákísì mìíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń mú un tóbi, tó sì ń jù ú sí wa lójú.

Ìmọ́lẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà rìn tààrà. Ohunkóhun tó bá ní ìwúwo ń tẹ ọ̀nà rẹ̀. Albert Einstein ló ṣe ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré lọ́dún 1915: ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní ìwọ̀n 1.75 sẹ́kọ́ǹdù-igun. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó, ẹ wo òṣùpá àrànmọ́jú, kí ẹ pín ìbú rẹ̀ sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Bí ọ̀kan péré nínú rẹ̀ ni.

Kò sí bí a ṣe lè ya fọ́tò ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn nígbà náà àfi bí òṣùpá bá bo oòrùn mọ́lẹ̀, tí ọ̀sán dòru. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham gbé kámẹ́rà wọn lọ sí erékùṣù Príncipe, nínú òkun kan náà tó ń fọ etíkun wa níhìn-ín, ní oko kòkó kan tí wọ́n ń pè ní Roça Sundy. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu ò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fọ́tò wọn ní ìràwọ̀ nínú. Àwọn méjì mìíràn, Andrew Crommelin àti Charles Davidson, lọ sí Sobral ní Brazil. Gíláàsì tí wọ́n fi kẹ́míkà kùn ni wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, kì í ṣe fíìmù. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni pé fókáàsì lẹ́ńsì ńlá tí wọ́n gbójú lé ní Sobral yí padà, gbogbo fọ́tò rẹ̀ sì rú. Lẹ́ńsì kékeré, oníínṣì mẹ́rin, tí wọ́n gbé dání ṣe àfikún ló ya fọ́tò tó mọ́ jù lọ, òun ló sì gbè fún ìṣirò Einstein. Gbogbo onífọ́tò tó ti lọ ya ìgbéyàwó pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo yóò lóye ohun tí mò ń wí.

Oòrùn nìyẹn. Gàlákísì kan lè wúwo tó oòrùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún bílíọ̀nù. Ẹ fojú inú wò ó pé ọ̀kan dúró lójú ọ̀nà láàárín àwa àti gàlákísì mìíràn tó jìnnà jù ú lọ. Ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn tó yẹ kó gba òkè gàlákísì iwájú kọjá lọ síbi tirẹ̀ yóò tẹ̀ wálẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Èyí tó yẹ kó gba ìsàlẹ̀ lọ yóò tẹ̀ sókè. Ti ọ̀tún àti ti òsì, bákan náà. Bí àwọn méjèèjì bá tò gún régé pẹ̀lú wa, òrùka ìmọ́lẹ̀ la ó rí, tó yí gàlákísì iwájú po. Bí wọn ò bá gún tán, òrùka náà á já sí ìlà títẹ̀ méjì tó kọjú síra, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Bí ohun tó wà lẹ́yìn bá jẹ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tàn gan-an, ó lè di méjì tàbí mẹ́rin. Lẹ́ńsì òòfà alágbára ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí. Ti aláìlágbára náà wà, èyí tó kàn ń fa àwòrán gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ojú ṣe lè dá a mọ̀ lára ẹyọ gàlákísì kan, nítorí náà n kò ní sọ nípa rẹ̀. Ẹ má sì rò pé lẹ́ńsì tó dáa ni alágbára yìí o. Kò ní fókáàsì kankan. Ká ní kámẹ́rà mi ní irú rẹ̀ ni, mi ò bá ti sọ ọ́ nù.

Einstein fúnra rẹ̀ kò gbà pé a ó rí i láé. Lọ́dún 1936, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ará Czech, tó ń jẹ́ Rudi Mandl, lọ bá a ní Princeton, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ṣe ìṣirò bí ìràwọ̀ kan ṣe lè jẹ́ lẹ́ńsì fún òmíràn. Einstein ṣe é, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìrètí pé ẹnikẹ́ni yóò fi ojú rí i. Nínú lẹ́tà tó kọ sí olóòtú, ó ní iṣẹ́ náà kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀, pé ó kàn máa mú inú ọkùnrin náà dùn ni. Kò pé ọdún kan tí Fritz Zwicky, tó wà ní California, fi sọ pé ìràwọ̀ kọ́ ló yẹ kí a máa wò, gàlákísì ni. Wọ́n wúwo tó, wọ́n sì pọ̀ tó. Zwicky ló tọ̀nà. Ó sì kú lọ́dún 1974, kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀kan.

Ọdún 1979 ni wọ́n rí i. Dennis Walsh, Robert Carswell àti Ray Weymann ń wo àwọn ohun tó ń tàn lójú ọ̀run láti orí òkè Kitt Peak ní Arizona. Wọ́n kan méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sẹ́kọ́ǹdù-igun mẹ́fà péré ló wà láàárín wọn. Quasar ni àwọn méjèèjì, ìyẹn àárín gàlákísì tó jìnnà réré, níbi tí ihò dúdú ńlá kan ti ń gbé ohun tó yí i ká mì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń tàn ju ti gbogbo ìràwọ̀ inú gàlákísì náà lọ.

Àwa onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun kan nípa ẹnì kan tó di méjì lórí bébà. Nígbà àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, àwọn òbí á mú èyí tó kù wá sí ìsọ̀. A ó yà á lápá ọ̀tún, a ó tún yà á lápá òsì, a ó sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù jẹ́ obìnrin, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún un kó tó jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé nípa àṣà yìí lọ́dún 1978, lẹ́yìn tó ti bá àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún jókòó. Àlejò tó bá wo fọ́tò náà á ní ọmọ méjì ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á wo ilà ojú, á wo etí, á wo bí irun ṣe hù níwájú orí, á sì mọ̀ pé ọmọ kan ni.

Bí Walsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wò ó náà nìyẹn. Wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì sí àwọ̀ àwọ̀ bí ìgbà tí òṣùmàrè bá yọ. Ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ọ̀run máa ń fi àmì sára àwọ̀ wọ̀nyí, níbi pàtó, àmì náà sì máa ń sún lọ sápá pupa bí ohun náà bá ṣe jìnnà tó. Àmì àwọn méjèèjì rí bákan náà, wọ́n sì sún dé ibì kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni, tí nǹkan kan tó wà láàárín àwa àti òun sọ di méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí gàlákísì tó ṣiṣẹ́ náà. Ìbejì ni wọ́n ń pe quasar náà títí dòní. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sì gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, débi pé ohun tí a bá rí lára èyí àkọ́kọ́ lónìí, ó di ọjọ́ 417 kí a tó rí i lára èkejì. Kó tó di pé wọ́n gbà lórí iye ọjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ìmọ́lẹ̀ èyí tó ń ṣáájú ṣàdédé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan sọ ìgbà tí ti èkejì máa rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dúró dè é. Lọ́dún 1996 ó rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ìjà parí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá wọn. Ọ̀rọ̀ wíwá yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe kéré tó. Òrùka tí gàlákísì kan bá dá sábà máa ń jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù-igun kan tàbí méjì láti àárín sí etí, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ayé máa ń mì, tó ń sọ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan di bàtàbàtà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Teliskóòpù orí ilẹ̀ lè rí àwọn òrùka ńlá. Àwọn kékeré á yọ́ mọ́ gàlákísì tó wà níwájú wọn, á dà bí ẹni pé gàlákísì náà kàn sanra díẹ̀ ni.

Ìṣòro kejì ni pé wọn ò wọ́pọ̀. Ẹ lè wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún gàlákísì kí ẹ má rí ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni àwọn afarawé, ibẹ̀ sì ni ojú ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Gàlákísì tó ní apá tó ń lọ́ yí ara rẹ̀ ká, bí apá kan bá ṣókùnkùn tí èkejì tàn, ìlà títẹ̀ ni ẹ ó pè é. Gàlákísì méjì tó forí gbárí máa ń fa ìrù ìràwọ̀ jáde gùn tó sì tẹ̀. Bí ìràwọ̀ tó wà nítòsí bá tàn jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gbá inú ẹ̀rọ náà kiri, á sì fi òrùka aláìjẹ́-nǹkan sílẹ̀ lórí fọ́tò. Èyí ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá kọjú kámẹ́rà sí oòrùn. Olórí gbogbo wọn ni gàlákísì kan tí Arthur Hoag rí lọ́dún 1950: bọ́ọ̀lù ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín, òrùka aláwọ̀ búlúù mọ́lọ́mọ́lọ́ yí i po, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Hoag náà rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́ńsì òòfà. Nígbà tí wọ́n wọn bí òrùka náà ṣe jìnnà tó, ibi kan náà ni òun àti bọ́ọ̀lù àárín wà, nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún ìmọ́lẹ̀. Òrùka ìràwọ̀ gidi ni. Mi ò tíì rí fọ́tò tó lẹ́wà jù ú lọ nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wá.

Kí wá ni mo máa ń wò? Àwọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn gàlákísì tó wúwo tó láti jẹ́ lẹ́ńsì sábà máa ń jẹ́ àgbà, roboto, tí kò dá ìràwọ̀ tuntun mọ́, àwọ̀ wọn sì máa ń pọ́n bí iná àtùpà. Èyí tó wà lẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń dá ìràwọ̀ lọ́wọ́, àwọ̀ tirẹ̀ á lọ sápá búlúù. Búlúù tó yí pupa ká, ó yẹ kí ẹ dúró wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wo ibi tí ìlà náà tẹ̀ sí: ó gbọ́dọ̀ kọ inú sí gàlákísì àárín. Tó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi í sílẹ̀. Mo tún máa ń wá ìkejì rẹ̀ ní òdìkejì, tí yóò kéré, tí yóò sún mọ́ àárín ju ìlà gígùn lọ, àwọ̀ wọn yóò sì bára mu láìkù síbì kan, nítorí ohun kan náà ni wọ́n. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà sábà máa ń gbàgbé ìkejì yìí. Inú wọn á ti dùn sí ìlà gígùn, wọn ò ní wá arákùnrin rẹ̀. Ní ti tèmi, fọ́tò tí kò bá ní ìkejì, mo máa ń kọjá lórí rẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Àwọn tí mo ń kọjá lórí wọn pọ̀ gan-an. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ara fọ́tò. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Sloan ti tú ìmọ́lẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún gàlákísì sí àwọ̀ àwọ̀. Adam Bolton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gàlákísì tí àwọ̀ rẹ̀ ní àmì méjì tí kò bára mu, àmì ohun tó wà nítòsí àti àmì ohun tó jìnnà, lójú ibì kan náà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ní kí Hubble, teliskóòpù tó wà lójú òfuurufú, yà. Nígbà tó di 2008, wọ́n ti rí lẹ́ńsì 70 tó dájú. Ọgbọ́n gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ti tú ìmọ́lẹ̀ gàlákísì kan kí ẹ tó lè bi í ní ìbéèrè náà, èyí tí a sì ti tú kò tó nǹkan lára èyí tí a ní fọ́tò wọn.

Ní ti fọ́tò, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ènìyàn. Euclid, teliskóòpù tí àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù jù sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023, wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà sí wa, níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ tó máa ba fọ́tò jẹ́. Láàárín ọdún mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ọ̀run ló fẹ́ yà. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya àwọn fọ́tò kan láìṣe fókáàsì. Bruno Altieri, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn, wo ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó rú wọ̀nyẹn, ó sì fura sí nǹkan kan ní àárín gàlákísì NGC 6505. Nígbà tí fọ́tò tó mọ́ dé, òrùka tó pé ni, ó yí àárín gàlákísì náà po láìjá. Ìmọ́lẹ̀ gàlákísì kan tó wà ní bílíọ̀nù 4.42 ọdún ìmọ́lẹ̀ ni, NGC 6505 sì wà ní mílíọ̀nù 590 péré. Láti ọdún 1884 ni wọ́n ti mọ NGC 6505. Lẹ́yìn nǹkan bí ogóje ọdún, ìgbà yẹn ni ojú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òrùka inú rẹ̀, láti orí fọ́tò tí kò ní fókáàsì. Mo ti sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọmọṣẹ́ tó kù lọ́dọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n Altieri kan kò lè wo gbogbo ohun tí Euclid ń yà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ kó o fún. Wọ́n á fi ọ̀pọ̀ fọ́tò hàn án, pé èyí lẹ́ńsì ni, èyí kì í ṣe lẹ́ńsì, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí pé lẹ́ńsì gidi kò pọ̀ tó láti fi kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n máa ń ṣe ayédèrú: wọ́n á mú fọ́tò gàlákísì gidi, wọ́n á sì fi ìṣirò òòfà ya òrùka lé e lórí. Ẹ̀rọ náà kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́. Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní mílíọ̀nù kan gàlákísì la fún un, ká ní lẹ́ńsì 100 ló wà nínú wọn, ká sì ní ó gbọ́n débi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣìnà nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò mú nǹkan bí 99 nínú 100 náà wá, yóò sì kó nǹkan bí 10,000 afarawé tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó máa jókòó yọ òótọ́ kúrò nínú irọ́ ni a nílò, ẹni náà sì lè jẹ́ onífọ́tò ní Òṣogbo.

Space Warps ni orúkọ ètò tó ń kó irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ jọ, lórí Zooniverse, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń kó iṣẹ́ wọn fún gbogbo ayé láti bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Aprajita Verma, Phil Marshall àti Anupreeta More ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2013. Nínú iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́, nǹkan bí 37,000 ènìyàn wo fọ́tò 430,000 láàárín oṣù mẹ́jọ. Lẹ́ńsì tuntun 29 tó ṣeé gbọ́kàn lé ló jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ti wo àwọn fọ́tò yẹn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n á fi ayédèrú pa mọ́ sáàárín àwọn fọ́tò gidi. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sọ fún ọ pé ayédèrú ni, ojú rẹ dá. Bí o bá kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á fi ibi tó wà hàn ọ́. Bí o ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń wọn bí ojú rẹ ṣe dára tó, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe máa wúwo tó lórí àwọn fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá mi ìgbà náà lọ́hùn-ún ò béèrè tèmi náà, nẹ́gátíìfù ló gbé síwájú mi.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, wọ́n gbé ètò náà sórí tẹlifíṣọ̀n BBC, àwọn òǹwòran sì bá wọn wá. Òrùka pupa kan jáde láti ọwọ́ wọn, gàlákísì kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí bílíọ̀nù 11 ọdún. 9io9 ni orúkọ tó ń jẹ́. Lọ́dún 2023, James Geach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo òrùka yìí láti rí agbára mágínẹ́ẹ̀tì nínú gàlákísì náà, èyí tó jìnnà jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí nínú gàlákísì títí di ìgbà yẹn. Láìsí lẹ́ńsì tó mú un tóbi, kò ní ṣeé ṣe.

Àwọn kan á bi mí pé kí ni èrè rẹ̀. Èrè kan ni ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn: ó ń jẹ́ kí a rí ohun tó jìnnà kọjá agbára gbogbo ẹ̀rọ wa. Ìkejì ni pé ó ń bá wa wọn gàlákísì tó wà níwájú. Bí òrùka ṣe fẹ̀ tó ni ó ń sọ bí ohun tó tẹ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe wúwo tó, bí a bá sì fi wé ìwúwo gbogbo ìràwọ̀ tí a rí nínú rẹ̀, ti òrùka máa ń pọ̀ jù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í tàn, tí ojú ò rí, tó sì wúwo. Lẹ́ńsì kò bìkítà bóyá ohun tó wúwo ń tàn tàbí kò tàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Sjur Refsdal, ará Norway, ti sọ lọ́dún 1964 pé bí ìràwọ̀ kan bá bú gbàmù lẹ́yìn lẹ́ńsì, a ó rí ìbúgbàmù náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ọ̀nà ò gùn bákan náà, àti pé iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn lè sọ fún wa bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ sí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Patrick Kelly rí irú rẹ̀ nínú fọ́tò Hubble: ìràwọ̀ kan tó bú, tó hàn lójú ibi mẹ́rin yí gàlákísì kan ká. Refsdal ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò, wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i níbòmíràn nínú àwòrán náà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2015, Hubble wo ibẹ̀, ó sì bá a níbẹ̀. Ìràwọ̀ tó ti kú ní nǹkan bí bílíọ̀nù 9 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n dá ọjọ́ fún, tó sì pa àdéhùn mọ́. Refsdal fúnra rẹ̀ kò dúró rí i. Ó kú lọ́dún 2009.

Ọ̀rọ̀ bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ yìí kò tíì parí. Iye tó jáde lọ́dún 2020 láti ara quasar mẹ́fà tí lẹ́ńsì sọ di púpọ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 73 ní sẹ́kọ́ǹdù kan fún mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí teliskóòpù Planck rí láti ara ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe ayé jẹ́ nǹkan bí 67. Àwọn kan ní ìṣirò lẹ́ńsì ló gba ohun tí kò dájú gbọ́, àwọn kan ní òye wa nípa àgbáyé ló kù díẹ̀ káàtó. Quasar mẹ́fà kéré jù láti fi parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sí i.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2025, Euclid gbé ìpín àkọ́kọ́ fọ́tò rẹ̀ jáde, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó fẹ́ yà. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ tú u, àwọn ará Space Warps wò ó, àwọn onímọ̀ tún wò ó lẹ́yìn wọn, nǹkan bí 500 gàlákísì tó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́ńsì sì jáde. Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, wọ́n ń retí nǹkan bí 100,000. Ní Chile, teliskóòpù Rubin fi fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ hàn ní oṣù Kẹfà ọdún náà pẹ̀lú kámẹ́rà oní-mẹ́gápíksẹ́lì 3,200, tó tóbi tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Mo fẹ́ fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn kí n tó kú. Ọdún mẹ́wàá ni yóò fi máa ya ojú ọ̀run gúúsù.

Nítorí náà, iṣẹ́ ń bọ̀, ó sì pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ṣe é lọ. Bí ẹ bá ní fóònù tó lè ṣí fọ́tò, ẹ wọ Zooniverse, kí ẹ wá Space Warps. Wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n sì máa ń tì í bí fọ́tò bá ṣe dé sí. Bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ lọ fi Galaxy Zoo, ètò mìíràn tó wà níbẹ̀, dánra wò, kí ojú yín lè mọ bí gàlákísì lásán ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí òrùka, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ná, ẹ wo ibi tó kọ inú sí, ẹ wá ìkejì rẹ̀ ní òdìkejì. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.